Àbẹ́là Inú Gúrúùpù Ẹbí Wa

Ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Mo wà nílé wa ní Ṣómólú láàárọ̀, mò ń po ògì, ni mo bá ṣí Wásáàpù. Kí ni mo rí nínú gúrúùpù ẹbí? Fọ́tò àbúrò màmá mi ọkùnrin, tó ń gbé lábúlé wa létí òkun Oǹdó, pẹ̀lú àbẹ́là tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀! "RIP Uncle." Ó tán.

Ta ló fi síbẹ̀? Délé ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ti ṣaláìsí. Délé tó gba másításì l'Ákọkà, tí gbogbo wa bá a jó!

Ẹ wò ó, a kì í sọ irú ìròyìn yẹn lu àgbà bí òkò. Àwọn àgbà á kóra jọ lọ bá a nílé. Wọ́n á rí i dájú pé ó ti jẹun, wọ́n á jókòó tì í, kí wọ́n tó túfọ̀. Màmá mi sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún wọn nìyẹn.

Mo pe Délé pé kó pa fọ́tò náà rẹ́ kíá. Ó ní kí ló dé, ṣebí òótọ́ ni, àti pé màmá ò kúkú mọ̀wé kà.

"Délé, ta ló ń kàwé kó tó dá àbẹ́là mọ̀?"

Mo gé fóònù. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó di ilé màmá mi ní Bàrígà, tèmi tikùn ńlá, nítorí oyún oṣù méje ló wà nínú mi. Àdúrà mi ò ju kí bátìrì fóònù màmá mi ti kú lọ.

Mo bá wọn nídìí ẹja tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé. Wọ́n kí mi, wọ́n bi mí bóyá ọmọ ń yí dáadáa. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi. Mò ń jẹun, ojú mi wà lára fóònù wọn. Báwo ni màá ṣe gbà á?

Ìyá Ṣadé, alájọgbé wọn, wá jókòó tì mí. Obìnrin mìíràn náà tẹ̀ lé wọn.

Màmá mi fọwọ́, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. "Ṣé o yó?"

Mo ní mo yó.

"Àbúrò mi ti lọ, ọmọ mi. Má mikàn, mo wà níbí."

Háà! Èmi tí mo wá túfọ̀ fún wọn, èmi ni wọ́n túfọ̀ fún! Wọ́n ti rí àbẹ́là yẹn láti ìdájí. Wọn ò pè mí lórí fóònù nítorí oyún. Àwọn obìnrin yẹn ló fẹ́ sìn wọ́n wá bá mi ní Ṣómólú kí n tó dé. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ara mi balẹ̀ ni wọ́n tó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún gan-an.

Délé kì í ṣèèyàn burúkú o. Èmi náà kàwé, ọmọ inú mi yóò sì lọ síléèwé. Àmọ́ kíláàsì wo ni wọ́n ti ń kọ́ni pé kéèyàn gbé ìbànújẹ́ tiẹ̀ tì ná, kó fi ti ẹlòmíì ṣáájú? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló kọ́ yín nírú ẹ̀kọ́ yìí, tí kì í ṣe tíṣà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ní tèmi, kí ọmọ inú mi yìí gba gbogbo ìwé ẹ̀rí tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kó tó gbé ọ̀rọ̀ wúwo lé ẹnikẹ́ni lórí, kó kọ́kọ́ bi í pé: ṣé o ti jẹun?