Ọwọ́ Tí Sístà Mórẹ́nikẹ́ Fi Gba Ìbọn

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sístà Mórẹ́nikẹ́ ṣì wú nígbà tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì jẹ́ kí n dáhùn tán.

“Bùọ̀dá Láyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ìbọn fún mi.”

“Ìbọn kẹ̀? Ta lo fẹ́ yìn níbọn?”

“Àwọn tó gbá mi létí ni. They said they're coming back. Wọ́n ní tí àwọn bá padà dé, kò ní mọ sórí etí.”

Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré. Òun àti ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, mílíìkì, sìgá àti àwọn nǹkan jíjẹ ilé wa díẹ̀. Ọkọ ń wa takisí ní pápákọ̀ òfurufú lọ́nà Humble láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìyàwó ló ń dá jókòó sí káńtà. Ọkùnrin méjì ló wọlé tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbá a létí, wọ́n sì kó ohun tó wà nínú dúróà lọ. Ọlọ́pàá wá, wọ́n kọ̀wé, wọ́n lọ. Tó bá ní òun á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, ebi ni wọ́n á máa jẹ.

Ẹni tó ń ka èyí lè máa ṣe kàyéfì ohun tí ọmọ Ìjẹ̀bú tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ń wá nídìí ìbọn títà. Epo rọ̀bì ló fà á. Láàárín àwọn ọdún 1980, owó epo já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ tó gbà mí sì ní kí àwa tí a dé kẹ́yìn máa lọ sílé. Mo rí iṣẹ́ káńtà lọ́dọ̀ Mísítà Dale, bàbá arúgbó kan tó ti ṣe ológun rí, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn. Gbogbo ìlú ń pè é ní Dale lásán, èmi ò lè ṣe é. Mo ní kí n máa fi iṣẹ́ náà rọ́jú díẹ̀ kí n tó rí iṣẹ́ gidi, ibẹ̀ ni mo wà tí irun mi fi funfun. Mo kọ̀wé sí màmá mi nílé pé irin ni mò ń tà. Irọ́ kọ́ náà nìyẹn.

Mísítà Dale kì í jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kan ìbọn láìgbọ́ òfin. Gbogbo ìbọn ló lọ́ta nínú, àní èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọta rẹ̀ dànù lójú ara rẹ. Má na ẹnu rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ pa. Òfin ìlú tún wà lẹ́yìn tiẹ̀. Nígbà yẹn, Texas kò gbà kí aráàlú lásán gbé ìbọn ìléwọ́ pamọ́ra rìn nígboro. Inú ilé rẹ tàbí inú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ tìrẹ lo ti lè fi sára. Mórẹ́nikẹ́ ní inú épírọ̀n tí òun ń wọ̀ nídìí káńtà ni òun fẹ́ fi í sí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i.

Mo kó wọn jáde fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré jù, tí ọta rẹ̀ ń jẹ́ tuẹ́ńtì-fáìfù, fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Èyí dáa, Bùọ̀dá. Ó fúyẹ́.”

Mísítà Dale kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀. “Sọ fún un pé ìyẹn á kàn bí wọn nínú sí i ni,” ó wí láti ìdí tábìlì rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà iṣẹ́ wa wà. Bí ọta bá kéré jù, kò ní dá oníwà ipá dúró. Bó bá tóbi jù, ìbọn á máa ta padà sí ọwọ́ ẹni, bí ìbọn náà bá sì tún kéré, ìtapadà yẹn á burú sí i. Àárín méjèèjì la máa ń bá oníbàárà wá. Mo fi rifọ́fà hàn án, èyí tí àgbá inú rẹ̀ ń yí po bí o ṣe ń yìn ín, tó sì ń gba ọta táátì-éètì márùn-ún.

“Ẹ wo ikùn ẹ̀,” ó ní. “Aláboyún ni. Á yọ lára épírọ̀n mi.”

Ọtomátíìkì pẹlẹbẹ kan ló wá mú, tí ọta rẹ̀ ń jẹ́ tíríì-éètì. Kò tóbi, kò sì kéré. Irin kékeré kan wà lára rẹ̀ tí à ń pè ní sẹ́fútì. Tó bá wà lókè, ìbọn ò lè dún. Tí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó ti ṣetán. Nígbà tí mo nà án sí i, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó fi òsì ti ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún náà lẹ́yìn, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀. Ìbọn ni mo nà sí i o, kì í ṣe omi. Mo rẹ́rìn-ín nínú, mo ní ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nìyí.

A mú un lọ sí pápá tí a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mísítà Dale dúró tì í. Ọta kan bọ́ sí òkè pátákó tí a gbé kalẹ̀ fún un, ọ̀kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, àwọn yòókù ò mọ ibi tí wọ́n gbà. Ọjọ́ kejì tó wá, bákan náà ni.

“Ojú rẹ̀ dáa, ìdúró rẹ̀ dáa,” Mísítà Dale sọ fún mi. “Kí ló dé tí ọta ń ṣáko?”

“Ẹ̀rù ni.”

“Mo ti rí ẹ̀rù rí. Ẹ̀rù kọ́ nìyí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ra búrẹ́dì. Gíláàsì ni ilẹ̀kùn wọn, mo sì rí i kí ó tó rí mi. Ó ń lẹ iye owó mọ́ agolo tòmátò, ó di ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mú bí ìbọn, ó ń yára, tà, tà, tà, kò ṣi ẹyọ kan lẹ̀. Bí agogo ẹnu ọ̀nà ṣe dún, tó sì rí i pé èmi ni, ẹ̀rọ náà ti kọjá sí ọwọ́ kejì.

“Ẹ káàsán, Bùọ̀dá.”

Orí mi fò lọ. Ọwọ́ òsì ni ọmọbìnrin yìí ń lò! Mo yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi, mo jù ú sí i láìkìlọ̀. Òsì ló fi hán an. Kíá ló fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn, àfi bíi pé mo bá a níbi tó ti ń jalè.

“Mórẹ́nikẹ́, ọwọ́ wo nìyẹn?”

“Ọ̀tún ni mo ń lò.”

“Mi ò bá ọ jà o. Mo ní ọwọ́ wo?”

Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá mi ti gbà á lọ́wọ́ mi láti kékeré. Ata ni wọ́n ń fi pa á, wọ́n á tún fi aṣọ dì í. Níwájú àgbà, ọ̀tún nìkan ni mo ń lò. Ọkọ mi gan-an, it's only when I'm cooking ló máa ń rí i.”

Inú bí mi, mi ò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí. Níwájú mi ló ti yan ìbọn, níwájú Mísítà Dale ló ti kọ́ ọ. Àgbà ni wá, ó sì ti bu ọlá fún wa tán. Mo ní kó yọ ìbọn náà nínú épírọ̀n. Mo tú ọta inú rẹ̀, mo kó wọn sápò, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún un yẹ̀ wò, mo wá fi í sí ọwọ́ òsì rẹ̀.

“Tẹ sẹ́fútì wálẹ̀.”

Àtàǹpàkò rẹ̀ ń wá irin náà kiri, kò rí i. Ẹni tó ń lo ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún, ẹ̀gbẹ́ kejì ló wà. Ó ní kí ọ̀tún wá ran òsì lọ́wọ́.

“Tí wọ́n bá wá di ọ̀tún yẹn mú ńkọ́?”

Ó ti gbójú kúrò lára mi. Ìta ló ń wò. Mọ́tò aláwọ̀ ilẹ̀ kan ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó wá fi ojú sí gíláàsì.

“Àwọn ni,” Mórẹ́nikẹ́ sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Bùọ̀dá, àwọn nìyẹn.”

Ọta wà lápò mi, ìbọn òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀, nísàlẹ̀ káńtà. Mi ò lè sọ pé mo gbàdúrà, “Jésù” nìkan ló jáde. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo Mórẹ́nikẹ́, ó tún wò mí. Ó jọ pé ẹni kan ṣoṣo ló ń retí láti bá níbẹ̀. Ó yí padà, ó wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

A ti ilẹ̀kùn, a pe ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà a gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ Mísítà Dale. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ata fún un bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún òyìnbó. “Bí ọwọ́ èèyàn ṣe tóbi tó ni mo máa ń béèrè,” ó ní. “Mi ò béèrè ọwọ́ wo rí.” Ó gba ọtomátíìkì náà, ó gbé rifọ́fà aláboyún sílẹ̀ fún Mórẹ́nikẹ́. Kò ní sẹ́fútì tí ìka máa wá kiri. O fà á, ó dún. Ọwọ́ tó bá wù ọ́ ni kó o fi fà á. Ìtapadà rẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó fi òsì yìn ín, gbogbo ọta rẹ̀ wọ àárín pátákó. Mórẹ́nikẹ́ bú sẹ́kún níbẹ̀. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó lọ rán àpò mìíràn sí apá òsì épírọ̀n rẹ̀, ó sì mú un gbòòrò nítorí ikùn ìbọn yẹn.

Wọ́n padà wá. Ọ̀sán gangan ni, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan na owó sí i bí oníbàárà, bí Mórẹ́nikẹ́ ṣe na ọ̀tún láti gbà á ni ọkùnrin náà gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wọ́ ọ kọjá lórí káńtà. Èkejì ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ dúróà. Mórẹ́nikẹ́ ní òun ò tilẹ̀ rántí ìgbà tí òun ki ọwọ́ bọ épírọ̀n. Ẹnu ìbọn ni ọkùnrin náà kàn rí níwájú imú rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni àwọn méjèèjì rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò sì padà wá mọ́. Kò yìn ín. Ó ní òun dúpẹ́ ìyẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, kọ́kọ́rọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ jù sí oníbàárà tó bá jẹ́ ọmọ ilé wa. Wọ́n á ní ṣé orí mi pé. Ọwọ́ tó bá hán an ni mo máa ń ta ìbọn fún.

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí àwọn ọkùnrin náà padà wá, ìyá Mórẹ́nikẹ́ wá láti ilé. Mo lọ kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù náà, mo dọ̀bálẹ̀ láàárín búrẹ́dì àti mílíìkì. Wọn ò ní kí n dìde.

“Ìwọ lo ta ìbọn fún ọmọ mi.”

“Èmi ni, Mà.”

“Ó ní wọ́n di òun lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ wo?”

Mórẹ́nikẹ́ dúró sẹ́yìn wọn, ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo ro irọ́ tí mo lè pa, mi ò rí.

“Ọ̀tún ni, Mà.”

“Ọwọ́ wo ló wá fi yọ ìbọn?”

Ojú mi lọ sí ọwọ́ òsì Mórẹ́nikẹ́, wọ́n sì rí i. Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ tiwọn fún ìgbà díẹ̀. “Mo fi ata pa ọwọ́ yẹn,” wọ́n ní. “Torí kí wọ́n má bàa bú u nílé ọkọ ni.”

Wọ́n ṣí báàgì tí wọ́n gbé wá láti ilé, wọ́n yọ àádùn kan nínú ewé, wọ́n nà án sí ọmọ wọn. Mórẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó na ọ̀tún. Màmá fa àádùn náà sẹ́yìn.

“Kì í ṣe ìyẹn,” wọ́n ní. “Èkejì.”

Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó gbéra nílẹ̀. Nígbà tó nà án, Màmá fi àádùn náà lé e, wọn ò sì tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.