Pèrègún Ẹ̀yìn Ilé Àṣàkẹ́

Àṣàkẹ́ kì í bẹ̀rù ejò, kì í sì í bẹ̀rù òkùnkùn. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù láyé ni kí ẹnìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó ní kí ó kó jáde. Láti ìgbà tí òun àti Àkàngbé ọkọ rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó ni àwọn onílé ti ń lé wọn káàkiri. Èyí tí wọ́n lé wọn kẹ́yìn, inú òjò ni onílé da ẹní wọn sí, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn Àṣàkẹ́. Ìdí nìyẹn tí Àkàngbé fi lọ mọ ilé alámọ̀ kékeré kan sí etí igbó ìlú ní Muṣin, níbi tí kò ti sí onílé tí yóò kan ilẹ̀kùn.

Igbó náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Gbogbo àdúgbò ló ni ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣẹ́ igi ìdáná, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ṣa èkùrọ́ lábẹ́ ọ̀pẹ, ìsun omi kan sì wà ní eteetí rẹ̀ tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àṣàkẹ́ ń fi èkùrọ́ ibẹ̀ ṣe àdín, Làbákẹ́ ọmọ rẹ̀ sì ń tà á ní Sábó. Igi ayùnrẹ́ ńlá kan ni ààlà láyé ọjọ́un. Àkàngbé mọ ilé rẹ̀ kọjá igi náà, ó bọ́ sínú igbó. Ó mọ̀, Àṣàkẹ́ náà mọ̀. Nígbà tó yá, iná jó ayùnrẹ́, ikán jẹ kùkùté rẹ̀ tán, Àkàngbé alára kú, ọ̀rọ̀ náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ewúrẹ́ ló fa pèrègún. Wọ́n ń ti inú igbó wá da èkùrọ́ tí Àṣàkẹ́ sá sóòrùn nù, ni ó bá gé ọ̀pá pèrègún, ó gún wọn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná ní ìlà kan gbọọrọ. Pèrègún kò ní wàhálà, bí a bá ti gún un, yóò hù. Wọ́n hù, wọ́n ga, wọ́n sì dàgbà ju ọgbà ewúrẹ́ lọ lójú ẹni tí kò mọ ìtàn wọn.

Nígbà tí ìjọba ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí àwọn èèyàn ń rọ́ wá sí Súrùlérè, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, tó dàgbà jù nínú àwọn Mùsùlùmí Muṣin àtijọ́, pe gbogbo àdúgbò jọ níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká jókòó pinnu bí a ó ṣe máa lo igbó yìí," ni ó wí, "kí ẹlòmíràn tó bá wa pinnu."

Ọkùnrin kan dìde, ó ní kí obìnrin má wọ igbó mọ́ títí ọdún yóò fi yípo, kí igi lè sinmi.

Àmúdàtù, tí òun àti Àṣàkẹ́ jọ ń ṣa èkùrọ́, dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Irùngbọ̀n yín ni a ó máa fi dáná!"

Ẹ̀rín pa ìpàdé. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí àgbà. Wọ́n fẹnu kò pé apá kan yóò sinmi, pé wọn yóò máa ṣẹ́gi ní apá kejì, pé ọ̀pẹ yóò jẹ́ ti àwọn obìnrin, pé kò sí ẹni tí yóò ta ìsun omi. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sínú igbó, bí wọ́n bá sì rí ilé níbẹ̀, wọn yóò wó o. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Àṣàkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó nawọ́. Bí kò bá nà án, wọn yóò béèrè ìdí.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n rin ààlà. Yẹ̀kínnì ló dúró fún ìdílé tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ igbó, àwọn tí ń ta ilẹ̀ fún ará Èkó. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé ìdáná Àṣàkẹ́, Yẹ̀kínnì pàtẹ́wọ́.

"Ààlà rèé o! Ẹ wo pèrègún! Kí ni àwọn baba wa ń gbìn sí ààlà bí kì í bá ṣe èyí?"

Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì fọwọ́ kan igi náà. "Mo rò pé ó jìn ju báyìí lọ."

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ló ń rò bẹ́ẹ̀. Pèrègún kì í rìn."

Wọ́n na okùn tẹ̀lé pèrègún. Ìsun omi bọ́ sí ọ̀dọ̀ Yẹ̀kínnì. Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. Wọ́n ní kí tọ̀tún tòsì padà wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ láti fìdí ààlà múlẹ̀. Kò sí ẹni tó bi Àṣàkẹ́ ní nǹkan kan. Ta ni yóò bi àlejò léèrè ààlà àwọn baba onílẹ̀? Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di igi ilẹ̀kùn mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣáájú Jímọ̀ náà, Yẹ̀kínnì nìkan wá.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá Làbákẹ́. Àdín yín ń ta sánsán."

"Kú ọ̀sán, ọmọ mi."

Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní àpótí. "Ọmọdé ni mí nígbà tí ẹ ń bu omi sídìí pèrègún yẹn. Ẹ ò rántí mi? Èmi ni mo ń da ewúrẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé yín ti bọ́ sọ́dọ̀ wa. Ẹ ṣáà pa ẹnu mọ́."

"Bí ènìyàn kò bá pa á mọ́ ńkọ́?"

Yẹ̀kínnì gbójú sókè wo òrùlé, ó wò ó pẹ́. "Páànù yìí ti dípẹtà o, Ìyá. Afẹ́fẹ́ kékeré ló máa gbé e."

Nígbà tí ó lọ, Àṣàkẹ́ kò lè jẹun. Bí ewé bá já, yóò wo ẹnu ọ̀nà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀ ni kí ìpàdé wó ilé òun. Ní báyìí, ẹ̀rù mìíràn ti jókòó lórí ti àkọ́kọ́: bí ó bá dákẹ́ tí ilé náà dúró, di ìgbà tó bá wu Yẹ̀kínnì láti lé wọn ni yóò dúró. Òun ti tún ní onílé. Kò sì mọ ọjọ́ tí onílé yìí yóò da ẹní òun sínú òjò. 

Nígbà tí wọ́n pé jọ sídìí pèrègún ní Jímọ̀, Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ti la ẹnu láti gba ààlà náà pẹ̀lú ìrora nígbà tí Àṣàkẹ́ bọ́ síwájú.

"Èmi ni mo gbìn ín," ni ó wí. "Ọgbà ewúrẹ́ ni."

Yẹ̀kínnì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ti ń ṣarán."

Àṣàkẹ́ mú ọkọ́, ó wú ìdí pèrègún àkọ́kọ́. Ọrùn ìkòkò dúdú kan yọ, àdín tó ti jóná ṣì gbẹ mọ́ ọn lára. "Yanrìn ni ilẹ̀ ibí. Mo da àpáàdì sídìí wọn kí omi má baà sá lọ. Bí àwọn baba yín bá ń ṣe àdín, ẹ wí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Níbo wá ni ààlà wà?"

Àṣàkẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó jáde sí ojú ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. "Ìdí ayùnrẹ́ rèé."

Gbogbo wọn wò ó, wọ́n wo ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmúdàtù ló kọ́kọ́ lóye. "Yéè! Àṣàkẹ́, ilé rẹ!"

Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì kò wo ojú Àṣàkẹ́ nígbà tí ó sọ̀rọ̀. "A jọ nawọ́ ni. Bí a bá yẹ àdéhùn fún ẹnìkan, àwọn Yẹ̀kínnì ni yóò kọ́kọ́ wá kọ́ tiwọn." Ó ní àdúgbò yóò bá a kẹ́rù, Àmúdàtù sì ní kí Àṣàkẹ́ àti ọmọ rẹ̀ wá sí yàrá òun. Yẹ̀kínnì ti lọ nígbà yẹn. Kò bínú, kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá Àṣàkẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn tó ń bọ̀ wá kẹ́rù tó dé, ó gun àkàbà, ó ń yọ ìṣó páànù fúnra rẹ̀. Làbákẹ́ di àkàbà mú nísàlẹ̀. Yẹ̀kínnì àti ọkùnrin méjì tí wọn kò mọ̀ rí yọ lójú ọ̀nà. Yẹ̀kínnì ṣí fìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Làbákẹ́. Ibo lẹ ń kó lọ?"

Orúkọ Àmúdàtù ti dé ẹnu Làbákẹ́. Àṣàkẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ọwọ́ rẹ̀ lórí àkàbà, ọmọ náà sì gbé e mì.

"Ibi tí Ọlọ́run bá ní ni," ni Àṣàkẹ́ dáhùn.

"Ọ̀nà ibẹ̀ jìn," ni Yẹ̀kínnì wí, ó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí òkúta lódì kejì ọ̀nà, àwọn ọkùnrin méjì náà jókòó tì í, bí ẹni tí kò ní ibì kankan láti lọ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Àṣàkẹ́ kọjú sí páànù. Ìṣó tó kàn kò fẹ́ yọ. Ó ń fà á, ó ń fà á, kí wọ́n lè rò pé ìṣó ló mú kí ọwọ́ òun máa gbọ̀n.