Alájì Tí Wọ́n Ń Rí Lójú Fèrèsé

Ogún ọdún ni Mùsúdù, ọmọ Ìsẹ́yìn, ti ń ṣọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alájì Ògúnjìnmí ní Kúje, l'Ábùjá. Kò ní ibùgbé mìíràn ju yàrá kékeré ẹnu géètì lọ. Nígbà tí Alájì kú, àwọn ọmọ ṣe fídáù tán, wọ́n pín aṣọ bàbá wọn, agbádá funfun kan àti fìlà rẹ̀ sì kan Mùsúdù. Wọ́n wá kìlọ̀ fún un pé bí oṣù bá fi parí láìsí ayálégbé, àwọn yóò ta ilé náà, kí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ayálégbé mẹ́ta ti wá, wọ́n ti sá. Ọláníran, fọ́gánáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì, ló ń sọ fún wọn pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lòun ń rí Alájì lójú fèrèsé òkè, lọ́sàn-án gangan.

Mùsúdù gbà á gbọ́. Ojú ń tì í láti gbé aṣọ olówó jáde, nítorí náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń gòkè lọ wọ̀ ọ́ níwájú dígí ńlá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kó tó wọ̀ ọ́, á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà: "Alájì, èmi ni o. Ẹ má bínú."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Ramlah tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́jà wá wo ilé. Mùsúdù ti wọ agbádá àti fìlà náà, ó yọjú lójú fèrèsé òkè láti kí i.

"Yéè! Alájì ti dé!" ni Ọláníran pariwo. "Ó wà lójú fèrèsé!"

Mùsúdù yí padà wìrì. Agbádá funfun ló rí nínú dígí. Kò dúró bèèrè. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó jáde ní géètì. Ọláníran àti Ramlah ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ níwájú, òun náà gbá tẹ̀lé wọn.

"Ẹ dúró dè mí! Alájì ń bọ̀ lẹ́yìn mi!"

"Ṣebí ìwọ gan-an ni Alájì!" ni Ọláníran fèsì, kò wẹ̀yìn.

Agbádá kọ́ Mùsúdù lẹ́sẹ̀, ó ṣubú gbì, fìlà fò lọ, orí pípá rẹ̀ sì ń dán nínú oòrùn.

Ọláníran bojú wẹ̀yìn. "Bàbá Mùsúdù?"

Ramlah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sétí gọ́tà. "Bàbá, òkú tó ń sá fún ara rẹ̀ ò lè pa mí lára. Mo gba ilé náà."

"Yàrá tèmi ńkọ́, Alájà?"

"Ẹ dúró sínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá rìnrìn àjò, ẹ máa yọjú lókè pẹ̀lú agbádá yẹn. Olè wo ló máa wọlé?"

Mùsúdù gbà, ó dúpẹ́. Ó kàn bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọláníran máa sin òun gòkè.