Kí Ni Ọba Wí fún Aránṣọ?

Ẹ jẹ́ ká dìde dúró fún gbólóhùn kan tó níyì ju agbádá olóyè lọ: "Mo ti kà á." Kò náni ní kọ́bọ̀, kò mú ni làágùn, kò sì béèrè pé kéèyàn ṣí ìwé kankan. Ẹni tó bá sọ ọ́ yóò ga sí i lórí àga tó jókòó sí. Agbádá a máa gbó, bàtà a máa jẹ, ṣùgbọ́n "mo ti kà á" kì í ṣá. Bí a bá wá fi "tipẹ́tipẹ́" kún un, ẹni náà ti di ọ̀mọ̀wé nìyẹn, kódà bó bá jẹ́ pé ohun tó kà kẹ́yìn ni ara páálí oògùn ibà.

Ní họlidé gígùn tó kọjá, ọmọbìnrin àbúrò mi wà lọ́dọ̀ mi ní Ayétòrò, níbi tó ti ń lọ iléèwé. Owódé ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò. Iléèwé pàṣẹ pé kí gbogbo kíláàsì wọn ka ìwé kan kí wọ́n tó wọlé padà: ìtàn aránṣọ kan tí ọba gbé aṣọ fún, tó gé aṣọ náà kéré jù, tó sì sá kúrò nílùú. Lọ́jọ́ ìwọlé, tíṣà yóò bi wọ́n léèrè níwájú àwọn òbí. Ọmọ tó bá ka ìwé náà jù ni wọn yóò fún ní kọ́kọ́rọ́ láíbìrì.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni ọmọ náà ń fẹ́. Àtìgbà tó ti wọ iléèwé náà ni láíbìrì ti wà ní títì pa. Ojú fèrèsé ló ti máa ń yọjú wò ó.

"Àǹtí, mo ti ka àkọlé mọ́kànlélógún láti ìta," ó wí fún mi. "Àwọn tó kù, kọ́tìnnì ló bò wọ́n."

Bàbá rẹ̀ bá a ra ìwé náà ní Owódé, láàárín àwọn ògbólógbòó ìwé tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà Faransé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kà á, tòun ti àgbàdo sísun lọ́wọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ igbe. Mo rò pé ejò ló wọlé.

"Àǹtí! Wọ́n ti ya á!"

Òótọ́ ni. Wọ́n ti mú aránṣọ dé iwájú ọba. Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé ọba na ọwọ́ sókè, ó ní... Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Ẹ̀yìn rẹ̀, páálí ló kù. Bóyá ẹnì kan ti fi àwọn ewé yòókù wé ẹ̀pà.

Ó wá òmíràn títí. Ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Ìlaròó ní ó ti tán. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àwọn ti kà á, àmọ́ ìwé náà kò sí nílé ẹnì kankan nínú wọn. Ó yẹ kíyẹn ti fu mí lára. Ló bá yíjú sí àwa àgbà. Ó kọ́kọ́ pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, ṣé ẹ ti ka ìwé yẹn?"

"Ta ni kò tíì kà á? Tipẹ́tipẹ́!"

"Kí ni ọba wí?"

Àbúrò mi mí kanlẹ̀. "Ó ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ìwé iléèwé, wọ́n á ṣáà pa èèyàn níparí. Ṣé o ti jẹun?"

Ó lọ bá onílé wa, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀. "Ọba ní kí àwọn ọ̀dọ́ máa gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu."

"Bàbá, aránṣọ yẹn ti lé ní àádọ́ta ọdún."

"Ọ̀dọ́ ni lójú ọba."

Ó wá ku èmi, èmi tí fọ́tò mi pẹ̀lú fìlà onígun mẹ́rin yunifásítì wà lára ògiri pálọ̀. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. "Ó dárí jì í ni," mo wí. "Ó ní kó padà sídìí maṣíìnì rẹ̀." Ohùn mi rọ̀ bíi ti ẹni tó sunkún nígbà tó ń kà á.

Ọmọ náà kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó sì wò mí bí kọ́sítọ́ọ̀mù ẹnubodè ṣe ń wo ẹni tó ní aṣọ nìkan ló wà nínú báàgì òun.

Ọjọ́ ìwọlé pé. Àwa òbí jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn. Tíṣà wọ táì.

"Kí ni ọba wí fún aránṣọ?"

Ọmọ kan dìde. "Ó fún un ní ilẹ̀, sà."

"O káre!"

Èkejì ní ọba fi ọmọ rẹ̀ fún un. "O káre!" Ẹ̀kẹta ní ọba ṣubú, ó kú, kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Mo wo ìwé tó wà lọ́wọ́ tíṣà. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Ó kan ọmọ wa. "Mi ò mọ̀, sà." Ó gbé ìwé rẹ̀ sókè. "Ewé tó kẹ́yìn ti ya kúrò nínú tèmi. Mo bi àgbà mẹ́ta, ìdáhùn mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Tibí náà tún ti di mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ọba kan ṣoṣo ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí tiyín, kí ẹ kà á fún wa."

Bí tíṣà bá fi lè já ọ̀rá yẹn, kọ́kọ́rọ́ ti di tọmọ wa nìyẹn, torí òun nìkan ló ka ìwé náà débi tí ewé tán sí. Tíṣà mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ojú rẹ̀ ń wá ibi ìsádi káàkiri títí ó fi bà lé mi.

"Ṣebí àǹtí rẹ nìyí, tí wọ́n lọ yunifásítì. Mà, ẹ gbà wá o. Ẹ ti kà á, àbí?"

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà pẹ̀lú yíjú, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo tún gèlè mi ṣe. "Mo ti kà á," mo wí. "Ọba dárí jì í."

Àtẹ́wọ́ bolẹ̀. Ọmọ kan ké láti ẹ̀yìn pé ohun tí òun fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Òun ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún.

A délé kí ọmọ àbúrò mi tó la ẹnu. "Àǹtí, nígbà tí ọba dárí jì í, kí ni aránṣọ wá dáhùn?"

Mo ní kó lọ bọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

N kò ka ìwé náà rí. Irọ́ ni mo pa níwájú gbogbo wọn, irọ́ náà ló sì gba kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́.