Fóònù Tí Kò Gbà Kí N Kúnlẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí lẹ́yìn omíyalé Alajo, àdúgbò wa nílẹ̀ àjòjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Omi wọlé wa, a sá lọ sí ilé-ìwé kan lórí òkè. Iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Bàbá mi sì wà ní Ṣakí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀rù ń bà wá kí ìròyìn orí rédíò má pa á kó tó gbọ́ pé a wà láàyè.

Ni àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ bá gbé fóònù sátẹ́láìtì kan dé, ohun gígùn kan yọ lórí rẹ̀ bí ìwo. Ọ̀gá wọn ní ojú ọ̀run ló ti ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í ṣe ara òpó. Kéèyàn dúró ní gbangba, kí ìwo náà kọjú sókè.

Ohùn màmá mi ti há nítorí igbe tó ké nínú omi. Ta ló kù? Èmi tí mo máa ń sá fún àlejò! Níwájú gbogbo àdúgbò!

Bàbá mi gbé e. "Hẹ̀lóò?"

Orúnkún mi ò tiẹ̀ bi mí léèrè! Mo ti kúnlẹ̀, mo doríkodò, ìwo fóònù kọjú sílẹ̀. Ó já.

"Me nua, sɔre!" Ọ̀gá náà fi èdè wọn ní kí n dìde. Wọ́n tún pè é. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn bàbá mi, orúnkún mi tún kanlẹ̀. Ó tún já!

Ọ̀gá béèrè bóyá ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ìyá Rúkáyà, aládùúgbò wa, ní rárá o, Alata ni wá, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nílẹ̀ yìí, ẹ̀kọ́ ilé ni. Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí!

Nígbà tí wọ́n tún pè é, Ìyá Rúkáyà ki ọwọ́ bọ abíyá mi, ó gbé mi ró bí àpò gàrí. "Dúró! O ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún un o!"

Mo gbójú sókè, mo figbe ta: "Bàbá, gbogbo wa la yè!"

Mo gbọ́ tí bàbá mi mí kanlẹ̀. "Alhamdulillahi." Ó wá ní: "Ta lobìnrin tó ní kọ́mọ mi má kúnlẹ̀ fún mi? Gbé fóònù fún un!"

Màmá mi tí kò lóhùn rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Tí bàbá mi bá ti ń wá ẹni tó máa bá jà, ara rẹ̀ le nìyẹn.

Mo ti kọ́gbọ́n: lọ́jọ́ ewu, ẹ kọ́kọ́ jíṣẹ́, ẹ kúnlẹ̀ tó bá yá. Ṣùgbọ́n ó pè mí lánàá, mo tún bá ara mi nílẹ̀.

Àbí èmi nìkan ló ń kúnlẹ̀ sórí fóònù ni? Ẹ sọ tiyín o!