Ohùn Kẹrin Nínú Rífù "Mi"

Ojú ṣì ń tì mí títí dòní. Ọ́fíìsì wa wà ní Warehouse Road ní Àpápá, níbi tí àwọn onítírélà ti máa ń to ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, kí wọ́n tó wọ pọ́ọ̀tù. Bàbá kan wà lára wọn tó máa ń gbé gìtá sẹ́yìn ìjókòó rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wà lórí ìlà, mo máa ń lọ jókòó tì í lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

Ohùn méje péré ló máa ń lù, á sì máa tún un lù. Rífù ni àwa tá a ń pera wa ní onírọ́ọ̀kì ń pè é: èyí tí èèyàn á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí kò ní kúrò létí rẹ̀ mọ́. Ó ní òun fi ń ṣàárò ìyàwó òun tó kú ni. Tó bá dé orí ohùn kẹrin, á di ojú, á jẹ́ kó pẹ́. Ó fi sùúrù kọ́ mi.

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ní ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Ajégúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lù ú fún wọn, onílù wa pariwo: "Guy! Na you compose am?"

Mo ní èmi ni. Irọ́ náà dùn lẹ́nu, mi ò sì kó o jẹ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, a ṣeré nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Mo ti pe bàbá síbi eré náà kí n tó purọ́, mo sì rò pé kò ní wá. Ó wá. Lẹ́yìn eré, olóòtú ètò na máíkì sí mi, ó bi mí pé ta ló ṣe rífù yẹn. Ojú èmi àti bàbá ṣe mẹ́rin.

"Èmi ni."

Bàbá pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..."

Ó fọwọ́ bà mí léjìká. "Ó dáa, ọmọ mi. Àmọ́ ohùn kẹrin yẹn, o ń kánjú fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀."

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Mi ò rí i lórí ìlà mọ́. Lóṣù tó kọjá, mo jẹ́wọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ mi. Onílù bi mí: "So who get am? Wetin be him name?"

Odidi ọdún kan ni mo fi ń jókòó ti bàbá yẹn, mi ò bi í pé kí lorúkọ rẹ̀ rí.