Ohun Tó Gbé Ọ̀gá Nosrat Dìde Lábẹ́ Afárá

Ẹ bá mi dá a rò. Ẹ ń kọrin lọ́wọ́, gbogbo èèyàn ń wò yín lẹ́nu, ẹ sì ti fa ohùn dé ibi tó ga jù nínú orin náà. Ni ọkùnrin kan ṣoṣo tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín bá dìde nílẹ̀, ó gbọn eruku kúrò lẹ́yìn aṣọ, ó sì kúrò níbi tó jókòó sí. Kí lẹ máa ṣe? Èmi Yadollah, mo pa ẹnu dé. Mo wọ bàtà mi, mo gba ilé lọ. Odidi ọdún kan ni mi ò fi kọrin mọ́, àní nínú balùwẹ̀.

Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Inú kì í pẹ́ bí mi, ìyàwó mi lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ju ìbínú lọ ni pé mi ò mọ ìdí rẹ̀. Kí ló gbé bàbá yẹn dìde? Ṣé ohùn mi ló há ni? Ṣé mo ṣi ọ̀rọ̀ pè ni? Búrẹ́dì ni mò ń ṣe, lórí òkúta wẹ́wẹ́ gbígbóná, láti ìdájí. Bí mo bá ti ti ọ̀pá bọ inú ààrò báyìí, ìbéèrè yẹn á tún dé. Búrẹ́dì tó jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún yẹn kò níye.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, tí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀, abẹ́ afárá Khaju ni ìdajì ìlú wa, Isfahan, máa ń bọ́ sí. Àwọn obìnrin á tẹ́ ẹní, wọ́n á gbé filásíkì tíì kalẹ̀. Àwọn tó ń ya àwòrán á to ọ̀dà wọn sórí àtẹ̀gùn òkúta, wọ́n á máa fi ojú kan wo afárá. Àwa ọkùnrin tí a ní ohùn, tàbí tí a rò pé a ní in, á kó sáàárín àwọn ọ̀wọ̀n níbi tí àjà ti tẹ̀ kọrọdọ, tí ohùn kì í fi í rí ibi sá lọ. Ẹnì kan á fa orin, ẹlòmíràn á gbà á láti ọ̀wọ̀n kejì. Kò sí ìlù, kò sí ohun èèlò kankan, ọ̀fun lásán ni.

Ọ̀wọ̀n kẹta láti apá ọ̀tún ni Ọ̀gá Nosrat máa ń fi ẹ̀yìn tì. Alágbẹ̀dẹ bàbà ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, èjìká rẹ̀ ọ̀tún sì rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ. Kò kọrin rí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀! Bí ó bá di ojú, tí orí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, o ti dé ibi tí akọrin ń dé nìyẹn. Bí ojú rẹ̀ bá gbẹ, jọ̀ọ́, wá nǹkan mìíràn ṣe. Ta ló fi í ṣe adájọ́? Mo bi gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Kiumars onígbàjámọ̀, ọ̀tá mi nínú orin, rí i kó mi orí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin orin kan. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi fá irun ẹnikẹ́ni láìròyìn rẹ̀ fún un.

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò kàn bi bàbá náà léèrè? Ẹ̀yin náà! Mo gbìyànjú rẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ.

“Ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó o.”

“Ìránṣẹ́ yín ni mí!” Ńṣe ló ké e. Gbogbo àwọn tó ń lu bàbà ló ń pariwo sọ̀rọ̀, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

“Ilé ńkọ́, Ọ̀gá?”

“Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òjìji yín kúrò lórí wa!”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, orin tí mo kọ lọ́jọ́sí...”

“Orí ojú mi ni kí ẹ máa gbẹ́sẹ̀ lé!”

Ó parí. Èèyàn ní kí o máa rìn lórí ojú òun, o tún fẹ́ tọ pinpin? Níbi tiwa, ìkíni ti gba gbogbo ilẹ̀ kí ọ̀rọ̀ gidi tó rí àyè jókòó. Mo tẹrí ba díẹ̀, mo padà sórí ẹní mi.

Lákòókò yẹn, odò ti gbẹ láti oṣù mẹ́rìnlá. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú odò, àwọn ọkọ̀ ojú omi tí à ń fẹsẹ̀ wà, tí wọ́n ṣe bí pẹ́pẹ́yẹ ńlá, dojú dé sínú amọ̀ tó sán. Àfi bí redíò ṣe kéde lọ́sẹ̀ kan pé wọ́n ti ṣí omi sílẹ̀ níbi tí wọ́n sé e mọ́ lókè lọ́hùn-ún, Jímọ̀ ni yóò wọ ìlú. Háà! Ayọ̀ tó bẹ́! Àwa akọrin pàdé, a sì fẹnu kò: ẹni tí yóò kọ orin àkọ́kọ́ láti fi kí omi káàbọ̀, orí Ọ̀gá Nosrat ni yóò yàn án. Mo sọ fún ara mi pé, “Yadollah, mọ ohun tó gbé bàbá yìí dìde kó tó di Jímọ̀, tàbí kí o pa ẹnu dé títí tí wọn ó fi gbé ọ lọ.” Èmi gan-an ni mo fẹ́ kọ orin yẹn.

Ní Wẹ́síde, mo lọ sí ọjà àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà. Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, bí ìgbà tí òjò oníyìnyín ń rọ̀ sórí páànù. Ọ̀gá Nosrat kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń lu àwo pẹrẹsẹ kan. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Tuba, gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, ó jókòó lórí àpótí ní igun.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o!” Kò dáhùn. Mo tún un kí, mo fi ohùn sí i. Kò dáhùn. Mo sún mọ́ ọn, ikùn mi yìí sì kọlu pẹpẹ, ni odidi àwo mẹ́jọ bá já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gbàlàgàlà! Àwọn ará òdìkejì ọjà ké, ológbò kan sá gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá. Bàbá ń lu àwo rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Mo wo Màmá Tuba. Màmá Tuba wò mí.

“O ti rí i nìyẹn,” ó ní. “Kó àwo mi, kí o jókòó.”

“Màmá, ṣé Ọ̀gá ò...”

“Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ̀ mú un wá síbí, kò tíì kúrò. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ sàárà oṣù ọ̀fọ̀ ọdọọdún ládùúgbò wa, tí ọkùnrin mẹ́ta lè jókòó sínú rẹ̀, ṣé o mọ̀ ọ́n? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Nǹkan kan kọ́kọ́ ń súfèé sí i létí. Nígbà tó yá, ìfé náà dákẹ́, gbogbo ohun mìíràn sì bá a dákẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti gbọ́ ohùn mi gbẹ̀yìn.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó ní òun ò pàdánù nǹkan kan, torí ọ̀rọ̀ mi ò yí padà.”

“Orin ńkọ́? Gbogbo Jímọ̀ ló ń mi orí fún orin!”

“Ẹ̀yìn ló fi ń gbọ́ ọ. Ọ̀wọ̀n yẹn ló ń gbọ̀n mọ́ ọn lára. Ó ní bí orin bá dáa, ńṣe ló ń gun egungun òun níkọ̀ọ̀kan.”

Mo fò dìde. “Adití! Adití ló dìde, tó pa mí lẹ́nu mọ́ lọ́dún kan gbáko! Màmá, ẹ má bínú, màá sọ ọ́ lábẹ́ afárá ní Jímọ̀. Màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn!”

Ṣé ẹ rò pé ó bẹ̀ mí? Kò bẹ̀ mí rárá. “Wọn ó kúkú mọ̀ láìsí ìwọ,” ó ní. “Bí omi bá wà nínú odò, omi ló ń mi gbogbo òkúta ibẹ̀, orin ò lè kọjá. Ìgbàkígbà tí omi bá dé, ẹ̀yìn á máa ‘dùn ún’, a ò ní jáde nílé. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí, ẹ ti fi ọ̀wọ̀ dè é lókùn. Bí kò lọ, ó tàbùkù yín. Bí ó bá lọ, àṣírí tú, ta ni yóò tún fi í sípò àgbà lábẹ́ afárá? Kò sùn láti ọjọ́ Sátidé.” Ó fa ẹfun kan yọ. “Àmọ́ jẹ́ kí n bi í ní ohun tó gbé ọ wá.”

Ó kọ ọ́ sára ògiri dúdú: *Kí ló gbé ọ dìde nígbà tí oníbúrẹ́dì ń kọrin?* Ó fọwọ́ tọ́ ọkọ rẹ̀ léjìká. Bàbá yíjú, ó rí mi, àwọ̀ rẹ̀ yí. Ó wo ìyàwó, ó wo ògiri, ó sì kà á tán. Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Ó fi òòlù sílẹ̀.

“Ọ̀wọ̀n karùn-ún lo dúró tì lọ́jọ́ náà,” ó ní, bí ẹni ń pe ẹni tó wà lókè òkè. “Díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ mi, ohun tó sì ń dé yẹn dùn. Mo dìde kí n wá fi ẹ̀yìn ti ọ̀wọ̀n tìrẹ. Kí n tó débẹ̀, òkúta ti dákẹ́.” Ó tẹjú mọ́ mi. “Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bi Tuba: kí ló dá oníbúrẹ́dì dúró? Kí ló dé tí o dákẹ́?”

Ẹ gbà mí! Ọdún kan ni èmi fi ń bi ara mi nípa rẹ̀, ọdún kan náà ni òun fi ń bi ìyàwó rẹ̀ nípa mi. “Ìránṣẹ́ yín ni mí, Ọ̀gá,” ni mo kàn sọ, mo sì jáde. Ojú tì mí dé inú egungun.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Jímọ̀, gbogbo ìlú rìn lọ pàdé omi. Ó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó pọ́n, ó ń ti koríko gbígbẹ àti ike níwájú, ó ń tọ́ ilẹ̀ wò bí arúgbó tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn ọmọ ń fẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀, àwọn obìnrin ń ké ìgbe ayọ̀. Àwọn ẹyẹ omi funfun dé ní wákàtí kan náà, ta ló ránṣẹ́ sí wọn, mi ò tíì mọ̀ dòní. Omi wọ abẹ́ afárá, ó sì bú ramúramù.

A pé jọ. Ọ̀gá Nosrat fi ẹ̀yìn ti ọ̀wọ̀n rẹ̀. Kiumars bẹ̀rẹ̀, ó sì dáa, kí n má purọ́. Ojú bàbá gbẹ. Ẹnì kejì kọ, ẹnì kẹta kọ, kò mira. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

“Ṣé inú ń bí Ọ̀gá ni?”

“Kò fẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ lọ tọ́jú ohùn!”

Ó ń wò mí láti ibi tó wà. Ọlọ́run mọ̀ pé èrò burúkú kan wọ̀ mí lọ́kàn: bí mo bá kọrin báyìí, tí mo sì mi orí sí i, yóò mi tirẹ̀. Èmi ni yóò yàn, àṣírí rẹ̀ á sì wà ní bíbò. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Mo ti la ẹnu.

Ni bàbá bá dìde. Àwọn tó rántí ti ọdún tó kọjá ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó rìn gba àárín ènìyàn kọjá, ó dúró níwájú mi, ó sì kígbe: “Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò gbọ́ràn! Ọdún kẹsàn-án rèé. Òkúta ni mo fi ń gbọ́ yín, omi sì ti gbà á lọ́wọ́ mi.”

“Ọdún kẹsàn-án?” Kiumars ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. “Orí tó mì fún mi ńkọ́?”

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò kúkú gbọ́. Ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù mi méjì lójú gbogbo ayé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé mi láyà. Ó le bí pákó.

“Ìdajì kù,” ó ní. “Parí rẹ̀.”

Ibi tí mo ti dákẹ́ lọ́dún tó kọjá ni mo ti mú un, lókè téńté, láìtilẹ̀ wúkọ́. Ohùn mi sán. Mo rò pé yóò mú ọwọ́ kúrò. Ńṣe ló fi gbá mi láyà lẹ́ẹ̀kan, pé kí n tún un gbé. Mo tún un gbé, ó sì dúró. Bàbá di ojú. Mo kọ ọ́ lọ, omijé ń dà lójú mi bí ọmọ kékeré, mi ò bìkítà ẹni tó ń wò. Nígbà tí mo fi máa parí, Kiumars ti ń tú bọ́tìnnì tirẹ̀ lẹ́yìn mi.